Ṣíṣán àti Ṣíṣà: Igbó Etí Odò Láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí igbó tó wà létí odò wa, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, àti ohun tí a lè ṣe sí i kí ẹja lè rí ibùgbé nínú omi. Orí ebè àgbàdo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí àgbẹ̀ bá ń gbin àgbàdo, ẹyọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń jù sí ihò kan, torí kò mọ èyí tí yóò hù, kò sì mọ èyí tí àparò yóò wú jẹ. Bí wọ́n bá hù tán, tí wọ́n ga tó orúnkún ọmọdé, á padà lọ sóko. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo ìdí kọ̀ọ̀kan, á fa èyí tó rí tín-ín-rín tu, á fi èyí tó sanra sílẹ̀. Èmi ò tíì rí àgbẹ̀ tó wo ìdí àgbàdo tó pọ̀ jù, tó wá fi àdá gé gbogbo rẹ̀ dànù. N kò sì tíì rí èyí tó mọṣẹ́ tó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí wọ́n máa fún ara wọn lọ́rùn.

Ọgbọ́n yìí wà lọ́wọ́ wa lórí ebè, ṣùgbọ́n bí a bá dé etí odò, a kì í rántí rẹ̀ mọ́. Ohun méjì péré ni à ń ṣe sí igbó etí odò láyé ìsinsìnyí. A lè ṣán an palẹ̀, ká da yanrìn sí ẹrọ̀fọ̀ rẹ̀, ká tà á ní pulọ́ọ̀tì. Bí kò bá sì tíì kan ìgbà tí a ó tà á, a ó pa á tì, á di ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lóru. Ohun kẹta wà, òun ni ṣíṣà: kí èèyàn wọ inú igbó lọ, kó wo igi kọ̀ọ̀kan, kó mú èyí tó yẹ ní mímú, kó fi èyí tó yẹ sílẹ̀, kó sì mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Ohun tí mo wá sọ ni pé ṣíṣà yìí lè dá ẹja padà sínú omi wa, àti pé ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é ti wà nílẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ omi tí à ń sọ. Odò Ògùn ti ìhà Ṣakí wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì tú sínú Ọ̀sà Èkó ní ìhà Májìdùn, níbi tí ẹni tó ń ti Mile 12 bọ̀ ní Ìkòròdú ti ń gun afárá. Odò Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ ti Ìgèdè-Èkìtì wá, ó kọjá lára Òṣogbo, ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já, ó sì bọ́ sínú Ọ̀sà Lẹ́kí ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ló so Ọ̀sà Èkó àti Ọ̀sà Lẹ́kí pọ̀. Láàárín odò ńlá méjèèjì yìí ni àwọn odò kéékèèké wa wà, àwọn tí afárá kékeré gorí wọn lójú ọ̀nà Ìtóìkín àti Àgbọ́wá, tí ọkọ̀ ń sáré kọjá lórí wọn láìbojú wẹ̀yìn.

Iyọ̀ òkun ń gba ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà lọ sí Àpápá wọ inú ọ̀sà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ó máa ń gòkè wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Ìkòròdú; bí òjò bá dé, omi odò á tì í padà. Bí èèyàn bá ṣe ń lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí ni iyọ̀ náà ń dín, títí omi yóò fi di èyí tí kò níyọ̀. Nítorí náà, igi etí omi ò rí bákan náà. Níbi tí iyọ̀ ń dé, ẹ ó rí mangrove, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Níbi tí iyọ̀ kò dé, ògùrọ̀ ló pọ̀ jù, àti pàǹkẹ́rẹ́, àti oparun, àti abùrà. Abùrà yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀: orúkọ tí àwa Yorùbá sọ ọ́ ni àwọn oníṣòwò pákó ní Yúróòpù ń pè é títí dòní. Igi ẹrọ̀fọ̀ wa gbé orúkọ wa dé ilẹ̀ òkèèrè, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkòròdú tí a bí lẹ́nu àìpẹ́ yìí kò rí i rí.

Kí ni igbó yìí ń ṣe fún omi? Òjìji ni àkọ́kọ́. Omi tó gbóná kì í lè gba ọ́síjìn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Omi tútù tó wà ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gba nǹkan bíi míligíráàmù 8.3 ọ́síjìn nínú lítà kan. Bó bá gbóná dé 30, agbára rẹ̀ kò ju 7.6 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn lè dà bí nǹkan kékeré lójú wa, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tí ń mí nínú odò tí kò jìn ju orúnkún lọ mọ̀ ọ́n lára. Gbòǹgbò igi tún ń di bèbè mú kó má ya sínú omi. Ewé ń jábọ́, kòkòrò ń jábọ́, ẹja ń jẹ wọ́n. Bí omi bá sì kún bo igbó nígbà òjò, àrọ̀ á wọ inú igbó lọ láti yé ẹyin láàárín koríko. Ẹja gígùn kan tún wà ní Ọ̀sà Lẹ́kí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gymnarchus, òun máa ń fi koríko etí omi hun ìtẹ́ fún ẹyin rẹ̀ bí ẹyẹ ti ń ṣe. Bí a bá ṣán etí omi palẹ̀, ibi ìkúnlẹ̀ abiyamọ àwọn ẹja yìí ni a wó lulẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í kà sí rárá ni igi tó ti wó. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí omi ti fà, apẹja kan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi wọ odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ ọ̀sà láàárín Ìtóìkín àti Àgbọ́wá. Igi abùrà ńlá kan wó dábùú ibẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, èèpo rẹ̀ ti ń bọ́. Níwájú igi náà omi ń sáré lórí yanrìn. Lẹ́yìn rẹ̀ omi rọlẹ̀, ó jìn, ó sì dúdú. Apẹja náà fi àjẹ̀ wọn ún fún mi. Ní ojú odò, àjẹ̀ kò rì kọjá ìdajì kó tó kanlẹ̀. Lẹ́yìn igi, ó rì títí omi fi kan ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ti ìka bọ abẹ́ èèpo tó kù lára igi náà, ó fa edé wẹ́wẹ́ mẹ́ta jáde, wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ibí yìí ni mo ti ń wá ẹja ọbẹ̀, bàbá. Tí wọ́n bá gbé igi yìí kúrò, odò yìí ò ní nǹkan kan mọ́.” Ó dá edé rẹ̀ padà sínú omi.

Ohun tí apẹja yẹn fi àjẹ̀ wọn, ó gba àwọn aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Oregon àti Washington, ẹja sámọ́nì ni wọ́n fi ń yangàn. Sámọ́nì ń ti òkun gòkè odò wá láti yé ẹyin. Ní nǹkan bí ọdún 1950 títí kọjá 1970, àwọn aláṣẹ níbẹ̀ rò pé igi tó wó sínú odò ló ń dí ẹja lọ́nà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fa igi jáde. Ẹ̀rọ wọ odò, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní. Ẹja kò pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fara balẹ̀ wò ó, wọ́n rí i pé lẹ́yìn igi wọ̀nyẹn ni omi ti ń jìn, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ sámọ́nì ń sá pamọ́ sí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó láti dá igi padà sínú odò tí wọ́n ti náwó láti kó igi kúrò nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dídín igbó kù ti wọlé. Igbó àtijọ́ létí odò wọn ni àwọn agégẹdú ti gé tán. Èyí tó hù padà hù lẹ́ẹ̀kan náà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣù pọ̀ bí àgbàdo tí a kò yọ, kò sí èyí tó lè sanra tó láti wó lulẹ̀ kó dábùú odò. Wọ́n ní kí wọ́n yọ lára rẹ̀, kí àwọn tó kù lè tètè di àràbà, kí wọ́n sì ju díẹ̀ lára èyí tí wọ́n gé sínú omi. Ṣùgbọ́n àwọn kan bẹ̀rù pé bí àdá bá ti wọ etí odò, ọwọ́ kò ní mọ níwọ̀n. Nítorí náà, nínú ètò igbó tí ìjọba wọn fọwọ́ sí ní 1994, wọ́n pààlà sí etí odò tí ẹja ń gbé: ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 300, ìyẹn nǹkan bíi mítà 91, ní ìhà kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọn kì í ti í gégẹdú fún ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ gé nǹkan kan níbẹ̀ ní láti fi hàn pé odò ni yóò jàǹfààní.

Nǹkan tiwa yàtọ̀ sí tiwọn. Nílẹ̀ wọn, igi ló pọ̀ jù lójú kan. Nílẹ̀ wa, igi ló ń tán. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní 2023, àti láti ìgbà tí a ti ń gbọ́ ìròyìn Afárá Kẹrin tí yóò já sí ìhà Ìkòròdú, kò sí ẹrọ̀fọ̀ tí kò lówó lórí. Odò tí mo ti kọ́ lúwẹ̀ẹ́ ní kékeré, mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ kan ra ilẹ̀ etí rẹ̀. Katapílà ti wọ ibẹ̀. Wọ́n ti ti ògùrọ̀ àti oparun lulẹ̀ títí dé ojú omi, wọ́n ti da yanrìn pupa lé e. Odò náà ṣì ń ṣàn, àmọ́ ó ti di gọ́tà. Ó tẹ́jú, ó gbóná, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti kòkó tí a pò pẹ̀lú mílíìkì. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, n kò rí ẹyọ ẹja kan. Ẹni tó bá rò pé ṣíṣà igi lè tún irú ibẹ̀ yẹn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn tí ń wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà náà, bí wọn kò bá dáwọ́ dúró níbi tí ẹja ń pamọ, igbó tó dára jù lọ létí omi kò lè gbà wá. Mo ní láti sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀rọ̀ mi bo iṣẹ́ ibi mọ́lẹ̀.

Níbi tí igbó ṣì wà ni ọ̀rọ̀ mi wà. Odò wa púpọ̀ láàárín Ìmọ́tà, Àgbọ́wá àti Ẹ̀pẹ́ ni oparun ti gba etí wọn. Ẹni bá mọ oparun mọ̀ pé kì í fún ẹlòmíràn láyè. Ó ń ṣù, ó ń bò, ewé rẹ̀ tó jábọ́ ń sé ilẹ̀, ọmọ abùrà kì í lè yọrí lábẹ́ rẹ̀. Bí ìdí oparun bá gbó jù, àwọn ọ̀pá tó ti gbẹ á há sáàárín, á wọ́ lu ara wọn, ìdí náà á wúwo sí ìhà omi. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ gan-an, á ya, á gbé bèbè odò lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Lójú tèmi, oparun yìí ni àgbàdo tó yẹ ká yọ.

Àwọn tó mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ wà nínú wa. Ẹ mọ̀ pé oparun ni wọ́n fi ń gbé dẹ́ẹ̀kì ró ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó. Mo tẹ̀lé agé-oparun kan wọ igbó, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Kì í gé ohun tó bá kọ́kọ́ kàn. Ó ń fi ẹ̀yìn àdá gbá ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí. Èyí tó gbó ń dún ganran. Èyí tí kò gbó ń dún bí ẹni gbá ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ pa ọ̀pá kan tí háhá ṣì wà lára oríkèé rẹ̀. Ẹfun-ẹfun funfun kan lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ ọdún yìí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá gé e, àwọn kọ́lékọ́lé ò ní rà á, torí yóò tẹ̀. Tí n kò bá sì gé e, òun ló ń bọ́ ìdí yìí.” Àárín ló ti ń fa àwọn àgbà jáde, ó ń gé e lókè oríkèé tó sún mọ́lẹ̀ jù, kí omi má bàa gbárajọ sínú kùkùté kó rà. Nígbà òjò, tí ọmọ oparun ń yọrí, kì í wọ ibẹ̀.

Mo wá bi í pé àwọn tó wà ní bèbè gan-an ńkọ́, tí wọ́n dára, tí wọ́n sì rọrùn láti jù sínú omi kí wọ́n léfòó lọ? Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ìlú òyìnbó dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá gé èyí tó wà létí omi, òjò tó ń bọ̀ yóò gbé ìdí ẹ̀ lọ. Níbo ni mo máa gé lọ́dún tó ń bọ̀?” Ètò ìjọba Amẹ́ríkà ti 1994 lódindi ni ọkùnrin yẹn sọ tán ní gbólóhùn méjì.

Ibo wá ni ẹja ti wọ ọ̀rọ̀ oparun? Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn ará wa Ègùn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ní adágún Nokoué níbi tí ìlú Ganvié ti dúró lórí omi, àwọn apẹja ti ń gún ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi láti ayébáyé. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Láàárín oṣù díẹ̀, ewédò á bo ẹ̀ka náà, ó máa ń yọ̀ bí ilá. Ẹ̀pìyà á wá jẹ ewédò, òbòkún á wá fara pamọ́, wọ́n á sì pamọ síbẹ̀. Bó bá tó àkókò, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó ẹja. Onímọ̀ ẹja kan, Robin Welcomme, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àkájà jáde ní 1972, nígbà tí Benin ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, ó sì fi hàn pé ẹja inú àkájà ju ti omi gbalasa lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àwọn apẹja gbé iṣẹ́ náà wọ ọ̀sà tiwa pẹ̀lú. Ní 1993, àwọn onímọ̀ méjì, Solarin àti Udolisa, kọ̀wé lórí àkájà inú ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, àkájà àti igi abùrà tó dábùú odò ní ìhà Àgbọ́wá, nǹkan kan náà ni. Igi ni ilé ẹja. Àwọn Ègùn mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n àkájà ní àléébù kan tí n kò ní fi pamọ́. Ẹ̀ka igi ló ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ púpọ̀, torí igi ń jẹrà nínú omi. Mangrove sì ni apẹja fẹ́ràn jù, ó le, ó súnmọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja fẹ́ràn igi rẹ̀, torí iná rẹ̀ pẹ́, ẹja rẹ̀ sì ń pọ́n. Ẹni tó bá wó mangrove láti kọ́ àkájà ti wó ilé tí Ọlọ́run kọ́ fún ẹja láti fi kọ́ ilé àtọwọ́dá. Ní Côte d'Ivoire, ní ọ̀sà Ébrié, àwọn onímọ̀ gbìyànjú ohun mìíràn ní àwọn ọdún 1980: oparun ni wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n sì fi àwọ̀n ká a mọ́. Ewédò bo oparun, ẹ̀pìyà jẹ ewédò, ó dàgbà láìjẹ oúnjẹ àpò. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni ọkàn mi lọ sí agé-oparun wa. Ohun tí odò kò fẹ́ kó pọ̀ jù ní bèbè rẹ̀ gan-an ni ọ̀sà ń wá ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá tó ti gbó, tó ti wọ́, tí kọ́lékọ́lé kò ní rà, òun ni a ó fi ṣe àkájà. Mangrove á sinmi. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á wọlé sí etí odò, a ó sì lè gbin abùrà àti ògùrọ̀ sáàárín àwọn ìdí oparun tí a ti yọ.

Mo ní ìmọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ilẹ̀ wa ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn, torí ṣíṣà náà ní àṣìṣe tirẹ̀, Nàìjíríà sì ti ṣe é rí. Ní 1944, àwọn aláṣẹ igbó bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú igbó ńlá gúúsù, Tropical Shelterwood System ni wọ́n pè é. Wọ́n fẹ́ kí oòrùn kan àwọn ọmọ igi tó lówó lórí, irú bí ìrókò àti ọ̀gànwó. Wọ́n gé ìtàkùn, wọ́n sì fi oògùn olóró pa àwọn igi tí wọ́n ní kò wúlò. Oòrùn wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtàkùn ló kọ́kọ́ rí i, ìtàkùn sì yára ju igi lọ. Ó gun orí àwọn ọmọ igi náà, ó dì wọ́n mọ́lẹ̀. Lára àwọn igi tí wọ́n fi oògùn pa sì ni àwọn tó padà lówó lórí lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, wọ́n ti pa ètò náà tì. Létí odò tiwa, bí a bá ṣí ojú igbó jù, èpò tí à ń pè ní akíntọ́lá ni yóò gba ilẹ̀, hyacinth omi tó ti Badagry wọlé sí wa ní 1984 yóò sì rí oòrùn tó fẹ́ nínú odò. Ìdí oparun kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dún kan tó láti fọwọ́ kàn. Igi abùrà, àràbà, àti gbogbo igi ńlá tó ń ṣíji bo omi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àdá kàn án. Èyí tó bá wó fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn síbi tó wó sí.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Májìdùn àti Ajégúnlẹ̀ tó wà níbí yóò ní ìbéèrè. Ẹ ò tíì gbàgbé oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n ṣí omi Ìdídò Ọyán sílẹ̀, tí ilé yín wọ inú omi. Ẹ ó ní, ṣé igi ni kí á tún fi dí odò? Rárá o. Níbi tí ilé bá wà, níbi tí afárá àti kọ́bátì bá wà, kí wọ́n kó igi kúrò, kí omi ráyè kọjá. Inú igbó lókè odò, níbi tí kò sílé, ni kí igi sùn sí. Omi tí igbó lókè bá rọra gbà sára, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í tètè dé ẹnu ọ̀nà yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ibi kan sì wà tí n kò fẹ́ kí wọ́n ṣà rárá. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó hẹ́kítà 75. Ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti dáàbò bò ó títí ó fi jáde láyé ní 2009. Wọn kì í gégi níbẹ̀, wọn kì í pẹja níbẹ̀. Omi yẹn kan náà ló ń já sí Ọ̀sà Lẹ́kí lọ́dọ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́. Ó dùn mí pé omi Ọ̀ṣun yí padà di ẹrẹ̀ nítorí àwọn tí ń wa góòlù lókè rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òòṣà lè ṣọ́ igbó rẹ̀, kò lè ṣọ́ gbogbo bèbè. Ṣùgbọ́n igbó náà ṣì wà. Ní Ìkòròdú níbí, igbó Orò wà, ẹ sì mọ èyí tó súnmọ́ omi nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ṣíṣà wọ ibẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni odò kékeré tí apẹja gbé mi wọ̀ yẹn. Kí baálẹ̀ àti àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ jókòó, kí wọ́n fi àmì sí mítà mẹ́wàá sí omi ní ìhà méjèèjì, níbi tí àdá kò ní dé. Kí àwọn agé-oparun wọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí tó bá dára nínú ohun tí wọ́n gé, kí wọ́n tà á fún kọ́lékọ́lé, owó ọwọ́ wọn nìyẹn. Èyí tó wọ́, kí àwọn apẹja gún un mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà níbi tí wọ́n bá fẹnu kò sí, tí kì í ṣe ojú ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ á lọ sí ààrò àwọn ìyá wa kí mangrove lè sinmi. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìkòròdú níbí wá máa ka ẹja, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà á kí a tó gé igi kan, kí wọ́n sì máa wọn ìgbóná omi lóṣooṣù, kí a lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni mò ń sọ. Ní 14 oṣù keje, tí gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó ń gbin igi, kí tiwa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ abùrà àti ògùrọ̀ létí odò. Igi ẹ̀gbẹ́ títì nìkan kọ́ ló yẹ ká máa ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀.

Kí n tó wá síbí, mo padà lọ bá agé-oparun náà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ìdí mẹ́rin wà lẹ́yìn bèbè yẹn tó ti gbó kọjá tọ́jà, pé òun á gbé ọgbọ̀n ọ̀pá kalẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kejìlá, bí omi bá ti fà. Apẹja náà ní òun mọ ibi tí wọn yóò gún un sí. Ọkọ̀ tó tóbi tó láti gbé ọgbọ̀n ọ̀pá oparun ni àwọn méjèèjì kò ní.